Ẹ Sọ Ti Àgbo fún Dókítà

Ní Ifangni, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ọ̀nà Ìgólò ti gba Ìdí-Ìrókò wọ Nàìjíríà, kò ṣàjèjì kí aláìsàn ní ìgò àgbo nílé, kó sì ní oògùn ilé ìwòsàn lápò. Èyí tó léwu níbẹ̀ ni pé dókítà kì í sábà gbọ́ nípa ìgò yẹn. Ìdákẹ́ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 1993, David Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde: nínú àwọn tó ń lo ìtọ́jú tí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sọ fún dókítà wọn. Lójú tèmi, bí àwọn dókítà ṣe ń béèrè wà lára ohun tó ń fà á. Èdè Faransé ni ìṣègùn fi ń sọ̀rọ̀ ní Benin. Bí wọ́n bá ti dárúkọ “médicament”, ìyẹn oògùn, ọkàn aláìsàn á lọ sí oníhóró inú páálí. Á ní òun kò lo nǹkan kan, kò sì purọ́. Oògùn tiwa gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: àgbo, àgúnmu, ẹ̀tù, gbẹ́rẹ́, oògùn ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, kó béèrè ohun tí aláìsàn mu, ohun tó lá, ohun tó fi para.

Ẹ wo ejìnrìn. Ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń mu omi rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni glibenclamide, oògùn ilé ìwòsàn fún ìtọ̀ ṣúgà, ń ṣe. Bí méjèèjì bá pàdé lára aláìsàn, ṣúgà lè já wálẹ̀ jù: òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Àgbo tí wọ́n fi ọtí sódábì rẹ ńkọ́? Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Àwọn kan á ní àwọn baba ńlá wa mu àgbo dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi gbé glibenclamide mì. Ewé tó bá lágbára láti wo àìsàn, ó lágbára láti da oògùn mìíràn rú. Inú ewé kan ní Ṣáínà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tu Youyou ti rí artemisinin tó wà nínú oògùn ibà òde òní, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Àtakò tó wúwo jù ni pé dókítà á búni. Òótọ́ ni, àwọn kan ń búni, èébú ọ̀hún ló sì ń pa ẹnu aláìsàn mọ́. Àmọ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Kò bà á lórúkọ jẹ́. Ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àṣírí oníṣègùn wá ńkọ́? Dókítà kò béèrè ọfọ̀. Orúkọ ewé tẹ́ ẹ mọ̀, iye ìgbà tẹ́ ẹ ń mu ún lójúmọ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ti tó. Bẹ́ ò bá mọ ewé kankan níbẹ̀, ẹ gbé ìgò náà dání. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín: aáyù lásán, bó bá pọ̀, lè máà jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.