Sólà lórí òrùlé ọkọ̀ ní Monrovia: Kí ló yẹ kí ẹ ṣírò kí ẹ tó ra páńẹ́ẹ̀lì?

Ìṣòro kan náà ló máa ń dojú kọ àwọn tó ń lo iná sólà lórí òrùlé ọkọ̀, yálà ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí ni o, tàbí èyí tí wọ́n sọ di ilé ìtajà: òrùlé kò tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí iná gbé pọ̀. Ní Monrovia, olú ìlú Liberia, ìṣòro kejì tún wà, ìyẹn ni òjò.

Monrovia wà lára àwọn olú ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ lágbàáyé. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní mílímítà 4,500, ó sì ju ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ ní Èkó lọ. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ló máa ń le jù. Ẹni tó bá ra sólà nínú oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn ń ràn ganrínganrín, lè rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ pátápátá. Bí ó bá fi máa di oṣù Keje, ẹja inú fíríjì rẹ̀ lè ti máa rà.

Owó ńlá ni owó sólà jẹ́ fún oníṣòwò kékeré. Àlàyé yìí dá lórí ìṣírò tó yẹ kó ṣáájú ìnáwó náà.

Báwo ni sólà ṣe dé orí ọkọ̀?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà fi ohun èlò tí wọ́n fi silicon ṣe han aráyé, èyí tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná tó wúlò. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1958, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, sátẹ́láìtì Vanguard 1 gbé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lọ sí òfurufú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni sólà ti wúlò fún ohun tó ń rìn, tí wáyà iná kò lè tẹ̀ lé.

Lónìí, àwọn èèyàn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń gbé yàrá kékeré lé ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Truck camper ni wọ́n ń pè é. Ibùsùn, ààrò àti fíríjì máa ń wà nínú rẹ̀, sólà sì máa ń wà lórí rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ti rí ni pé ihò afẹ́fẹ́ àti ẹ̀rọ amúlétutù ti gba apá kan lára òrùlé kí páńẹ́ẹ̀lì tó débẹ̀. Wọ́n tún rí i pé bí àwọn bá gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi kí ara lè tù wọ́n, iná kò ní wọlé. Bí wọ́n bá sì gbé e sínú oòrùn kí iná lè wọlé, inú yàrá á gbóná bí ààrò. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé páńẹ́ẹ̀lì kejì dání, tí wọ́n máa ń fi wáyà gígùn tẹ́ sínú oòrùn nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní ibòòji.

Irú ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ báyìí kò wọ́pọ̀ ní Monrovia. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀, ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé ohun mímu tútù kiri, àti ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú kọ̀ntéénà, gbogbo wọn ló ní òrùlé kékeré kan náà lórí. Ìṣírò kan náà ló yẹ kí wọ́n ṣe.

Nígbà tí odò bá fà, oòrùn a ràn

Àìsí iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Monrovia. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n kọ́ ibùdó amúnáwá Mount Coffee sórí odò St Paul. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ibùdó náà dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1990, ó sì bàjẹ́ gidigidi. Ọdún náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, gúnlẹ̀ sí ìlú náà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹnẹrétọ̀, àbẹ́là àti fìtílà ni àwọn ará ìlú fi ń ríran. Ó di ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2006 kí Ààrẹ Ellen Johnson Sirleaf tó tan iná òpópónà padà ní àwọn apá kan ìlú náà, jẹnẹrétọ̀ ńlá ni wọ́n sì fi gbé e. Mount Coffee fúnra rẹ̀ kò padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì lè pèsè mẹ́gáwáàtì 88 bí omi bá tó.

"Bí omi bá tó" ni kókó ọ̀rọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò St Paul máa ń fà, iná tó ń ti Mount Coffee wá a sì dín kù. Àkókò yẹn gan-an ni oòrùn máa ń ràn jù lọ. Ní ìgbà òjò, odò á kún, ṣùgbọ́n ìkùukùu á bo ojú ọ̀run. Odò àti oòrùn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi gbogbo ẹrù lé sólà lórí ní gbogbo ọdún.

Ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ lò kí ẹ tó ka páńẹ́ẹ̀lì

Ohun tí ẹ̀rọ oní wáàtì 1 ń jẹ láàárín wákàtí 1 ni a ń pè ní wáàtì-wákàtí 1. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ ìtajà kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó ń lò lójúmọ́ nìyí:

• Fíríjì kékeré oní wáàtì 45, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 nínú wákàtí 24: 540
• Gílóòbù LED méjì, wáàtì 5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: 50
• Fáànù kékeré oní wáàtì 15, fún wákàtí 8: 120
• Fóònù márùn-ún tí wọ́n ń gba iná sí: nǹkan bíi 100

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 810. Ẹ ó rí i pé fíríjì nìkan gba ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ká ní páńẹ́ẹ̀lì oní wáàtì 200 ló wà lórí òrùlé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lójúmọ́ ní Monrovia tó nǹkan bíi ti oòrùn ọ̀sán gangan fún wákàtí 5. Ní àárín ìgbà òjò, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí 3. Bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nítorí ooru, ìdọ̀tí àti ohun tó ń ṣòfò nínú wáyà, a ó rí wáàtì-wákàtí 750 ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti 450 ní ìgbà òjò. Kò tó fún 810 nígbà kankan nínú ọdún.

Bí páńẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ wáàtì 400, yóò mú 1,500 wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti 900 ní ìgbà òjò. Ó tó, àmọ́ díẹ̀ ló fi lé. Bí òjò bá sì rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, kò ní rí tó bẹ́ẹ̀ mú wá.

Ṣùgbọ́n bí a bá yọ fíríjì kúrò, 270 péré ló kù. Páńẹ́ẹ̀lì oní wáàtì 200 lè gbé ìyẹn nínú oṣù Keje pàápàá. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ẹ ní fíríjì tàbí ẹ kò ní. Ní ti ẹ̀rọ amúlétutù, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù iná, òrùlé ọkọ̀ kékeré kò lè gbé wọn lójoojúmọ́.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n purọ́ lé lórí?

Páńẹ́ẹ̀lì tó dára lóde òní ń mú nǹkan bíi wáàtì 200 jáde láti ara àyè tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Ẹ mú okùn ìwọ̀n dání lọ sí ọjà. Ẹ sọ gígùn di ìlọ́po fífẹ̀, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 200. Páńẹ́ẹ̀lì tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, kò lè ju nǹkan bíi wáàtì 100 lọ. Bí wọ́n bá kọ 300 sí i lára, irọ́ ni.

Ìṣírò yìí náà ló ń sọ ibi tí agbára òrùlé yín mọ. Òrùlé tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1 àtààbọ̀, kò lè gbà ju nǹkan bíi wáàtì 600 lọ, bí kò bá tiẹ̀ sí ohun mìíràn lórí rẹ̀.

Ooru àti òjìji

Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì ń fẹ́, kò fẹ́ ooru. Bí ó bá ti gbóná ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ, agbára rẹ̀ a máa dín kù ní nǹkan bíi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n 3 kọ̀ọ̀kan tó bá fi lé. Lórí páànù ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan, ó lè gbóná dé 65. Ìdí nìyí tó fi dára kí àyè díẹ̀ wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti òrùlé, kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀ kọjá. Páńẹ́ẹ̀lì rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òrùlé kò wúwo, ṣùgbọ́n ó ń gbóná jù, kì í sì í sábà tọ́jọ́ bíi ti onígíláàsì.

Òjìji tún burú ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Inú páńẹ́ẹ̀lì dà bí ìlà àwọn èèyàn tó ń gba garawa omi lọ́wọ́ ara wọn: bí ẹnì kan bá fà sẹ́yìn, gbogbo ìlà ló máa falẹ̀. Òjìji òpó iná tàbí ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lè gba apá tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀.

Ohun kan wà tó ṣe àwọn ará Monrovia ní oore. Ìlú náà àti Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìjìnnà kan náà sí agbedeméjì ayé, oòrùn sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an ní ọ̀sán. Páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ọkọ̀ kò pàdánù púpọ̀ níbẹ̀, bí yóò ṣe pàdánù ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù.

Bátìrì ló ń jẹ owó, òun náà ló ń tètè kú

Bátìrì oní 12 fólítì tí wọ́n kọ 100 Ah sí lára ń gba nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 1,200. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ péré, ìyẹn 600, ló yẹ kí ẹ máa lò. Ẹni tó bá ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́ yóò ra òmíràn láìpẹ́. Bátìrì lithium wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ lè lo bíi 1,000 nínú rẹ̀ láìsí ewu, ó sì lè fara da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n bá lò ó tí wọ́n sì tún gba iná sí i.

Ọkọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí ń lo nǹkan bíi 470 lálẹ́. Bátìrì olómi kan lè gbé e dé òwúrọ̀. Bí òwúrọ̀ ọjọ́ náà bá wá ṣú, tí òjò ń rọ̀, kò sí ohun tó kù fún alẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ewu tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Wáyà tínínrín lè dáná sun ọkọ̀. Bí ínfẹ́tà bá ń gbé wáàtì 1,000 láti ara bátìrì oní 12 fólítì, iná tó ń gba inú wáyà kọjá lé ní ampere 80. Wáyà inú ilé kò lè gbà á. Ẹ lo wáyà tó nípọn, kí ẹ sì fi fíúùsì sí ìtòsí bátìrì.

Ihò tí wọ́n bá lu sí òrùlé láti fi so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn gbọ́dọ̀ dí pinpin, nítorí òjò Monrovia kì í fojú fo ihò kankan. Etí òkun ni ìlú náà wà pẹ̀lú, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ sì máa ń mú kí ibi tí wáyà ti so pọ̀ dógùn-ún. Ó yẹ kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Bí sólà kò bá tó, tí ẹ sì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé rẹ̀ láéláé. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tó lè pa ẹni tó ń sùn kó tó ta jí.

Kí ni ẹ lè ṣe ní oṣù Keje?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, bí ọkọ̀ yín bá ń rìn lójoojúmọ́, ẹ lè ní kí oníṣẹ́ iná so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn tí yóò máa gba iná láti ara ẹ́ńjìnì sínú bátìrì náà. Èkejì, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé odò máa ń kún lákòókò òjò, ẹ ra ẹ̀rọ tí yóò máa gba iná LEC sínú bátìrì ní ibi tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ dín ohun tí fíríjì ń jẹ kù: ẹ fi ọjà kún inú rẹ̀ dáadáa, ẹ gbé e kúrò níbi tó ń gbóná, kí ẹ sì máa fi yìnyín ràn án lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú.

Ẹni tó bá fi oṣù Keje ṣe ìṣírò rẹ̀ yóò ní iná tó ṣẹ́kù nínú oṣù Kejì. Ẹni tó bá fi oṣù Kejì ṣe é ni yóò padà sídìí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí òjò bá dé.