ÌWÉ OWÓ-OṢÙ TÓ FẸ́Ẹ́ DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀ LÁÀÁRIN ÌYÁ ÀTI ỌMỌ: Bí wọ́n ṣe yọ owó-orí akọ̀wé tuntun kan kọjá bó ṣe yẹ ní Òkukù

Bí ẹ bá dúró sí gáréèjì Ìkìrun láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pariwo "Inísà, Òkukù, Ọ̀fà, ẹnì kan péré ló kù," ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí à ń sọ yìí wọ mọ́tò kan náà rí. A kò ní í dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ìròyìn tiwa bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ bíbí Inísà ni, Ìkìrun ló háyà ilé sí, Òkukù ló ti ń ṣiṣẹ́.

Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Iléèwé aládàáni kan n'Ìkìrun ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. 60,000 náírà ni wọ́n ń san fún un lóṣù, ìyẹn lóṣù tí wọ́n bá rí i san o. Nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ ni iléeṣẹ́ kan lápá Òkukù gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ wọn, kó wọṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2026. 150,000 náírà lóṣù! Kí ọjọ́ tó lọ, ìyá rẹ̀ ti kéde rẹ̀ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ní Inísà pé ọmọ òun ti di ọ̀gá. Ọmọ náà sì ṣèlérí pé 20,000 lòun yóò máa fún ìyá òun lóṣooṣù. Ó tún lọ bá àwọn àna rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìdána.

Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìṣirò kò ní í ṣàì ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ó ti jókòó fi bírò àti pépà ṣe é: owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ jẹ́ kọ́bọ̀ 8 lórí náírà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 12,000, owó-orí kò ní í ju nǹkan bí 10,000 lọ, nǹkan bí 128,000 yẹ kó wọ báńkì. Àmọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lópin oṣù, 115,500 ló bá níbẹ̀. Ó gba ìwé owó-oṣù, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú owó-orí ni 22,500.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tuntun nìyẹn. Oṣù kejì, 22,500. Oṣù kẹta, 22,500.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò bèèrè pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti wọṣẹ́ tuntun rí yóò mọ̀ ọ́n. O kò tíì mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ tọkàntọkàn níbẹ̀, wọn kò tíì fún ọ ní lẹ́tà pé iṣẹ́ rẹ ti dúró, o wá fẹ́ẹ́ lọ bá akáńtáǹtì pé owó rẹ kò pé. Wọn yóò ní ojú owó ni ọmọ yìí. Wọn yóò ní ṣé kì í ṣe ẹni tó ń gba 60,000 lánàá ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa ẹnu mọ́, tí 12,300 ń bọ́ lọ lóṣooṣù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá burú ni Inísà. Dípò 20,000 tó ṣèlérí, 10,000 ló ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Màmá kò sọ nǹkan lóṣù kìíní. Lóṣù kejì ó bi í pé ta ló ń bá a ná owó. Ìgbà tí yóò fi di oṣù kẹta, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ ọjà pé ọmọ náà ti ní obìnrin mìíràn sí Òṣogbo, pé ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì dé etí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọbìnrin náà kò gbé fóònù rẹ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo eléyìí lórí owó tí ọmọkùnrin náà kò fojú kàn.

Bàbá kan ní Òkukù ló yọ ọ́. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìdí owó ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ́ igi tí wọ́n máa ń jókòó sí ni ọmọkùnrin náà ti lọ kí i, tó dọ̀bálẹ̀, tó sì fa ìwé owó-oṣù yọ. Bàbá wọ awò ojú. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi wí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ti gbàgbé 800,000 rẹ. Láti orí náírà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gé ọ."

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí bàbá ń wí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba owó oṣù tí a kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ tiwa. Ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Òfin yìí ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ àwọn owó kan sọ́tọ̀ nínú ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún: owó ìfẹ̀yìntì, owó ìlera ìjọba, owó àjọ ilé kíkọ́ ìjọba, owó adójútòfò ẹ̀mí, àti ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó ń san fún onílé, tí èyí kò bá ti ju 500,000 lọ. Nínú èyí tó bá ṣẹ́kù, 800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí rárá. 2,200,000 tó tẹ̀lé e, kọ́bọ̀ 15 ni lórí náírà kan. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé kọ́bọ̀ 25 fún àwọn tí tiwọn kọjá 50,000,000 lọ́dún. Àwọn yẹn ní akáńtáǹtì tiwọn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ wá gbé ti ọmọ Inísà wa yìí lé e. 1,800,000 ni owó rẹ̀ lọ́dún. Ẹ yọ 144,000 owó ìfẹ̀yìntì. 200,000 ló ń san fún ilé n'Ìkìrun, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 40,000, ẹ yọ ìyẹn náà. Ó ku 1,616,000. Ẹ mú 800,000 kúrò, ó ku 816,000. Kọ́bọ̀ 15 lórí náírà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 122,400 lọ́dún, ìyẹn 10,200 lóṣù. Ohun tí wọ́n ń yọ ńkọ́? 22,500, tíí ṣe kọ́bọ̀ 15 lórí gbogbo 150,000 pátá, wọn kò yọ owó ìfẹ̀yìntì sọ́tọ̀, wọn kò yọ owó ilé, wọn kò sì fi 800,000 sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ títí ọdún fi parí ni, 147,600 náírà ni ìbá lọ. Owó ìdána ń kọ́?

Bàbá náà ní tẹ́lẹ̀ rí, nígbà òfin ọdún 1993 tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2011, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà ṣe é: wọn yóò kọ́kọ́ fi 200,000 àti ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ sílẹ̀, wọn yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti kọ́bọ̀ 7. Ó ní akọ̀wé tó bá ṣì ń lo pépà àtijọ́ yẹn lọ́dún 2026 kò ní í gba iye tó tọ́, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka ìwé owó-oṣù rẹ̀ wò ó dáadáa.

Bàbá ọ̀hún ti dàgbà tó láti rántí àsìkò tí ọkùnrin kò lè jáde láìfi rìsíìtì owó-orí sápò. Ó ní ní àsìkò tòun, owó-orí ló ń lépa ènìyàn wọ inú oko, ìdí nìyẹn tí àwọn Àgbẹ̀kòyà fi gbé ìbọn lọ́dún 1968 sí 1969. Ní báyìí, ẹni tó ń gba owó oṣù kò rí agbowó-orí mọ́. Wọ́n ti gbà á kí ó tó rí i. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè fura.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin náà lọ sí ọ́fíìsì akáńtáǹtì. Obìnrin ni.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú mà, ọ̀rọ̀ owó-orí mi ni mo bá wá."

"Kí ló ṣe owó-orí ẹ?"

Ó gbé pépà tí wọ́n ti ṣèṣirò kalẹ̀. Màdáámù kò bínú. Ó fa fáìlì rẹ̀ yọ, ó ṣí fọ́ọ̀mù tó kọ nígbà tó wọṣẹ́, ó sì fi ìka lé ibì kan. "Ìwọ náà wo nǹkan tó o kọ síbí. Wọ́n bi ẹ́ pé ṣé o níṣẹ́ mìíràn tó ń sanwó oṣù fún ẹ, o kọ orúkọ iléèwé kan sí i. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi 800,000 sílẹ̀ fún ẹ. Wọn kì í fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Hàá! Mà, mo rò pé ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n ń bèèrè ni."

Ẹ ò rí nǹkan! Ìlà kan péré. Àwa tí a ní àwọn ènìyàn ní London ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Níbẹ̀, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà kan sórí ìwé owó-oṣù, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 1257L, tó túmọ̀ sí pé 12,570 pọ́n-ùn kò ní owó-orí. Ẹni tó bá sọ pé òun ní iṣẹ́ mìíràn, wọ́n lè kọ BR fún un, wọn yóò sì máa gé pẹ́ńsì 20 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mú P45 wá láti ibi iṣẹ́ àtijọ́ náà lè bá ara rẹ̀ nínú nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Àǹfààní tiwọn ni pé nọ́ńbà ọ̀hún wà lójú ìwé, ènìyàn lè rí i kó béèrè. Iye owó nìkan ni tiwa, àfi kí o ṣe ìṣirò fúnra rẹ.

Akáńtáǹtì ní owó tí wọ́n ti yọ kò sí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mọ́. Kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti san án sí àpò iléeṣẹ́ tó ń gba owó-orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọdún ṣì ń lọ, wọ́n lè tún un ṣe nínú èyí tó kù. Ètò tí wọ́n jọ ṣe ni pé láti oṣù kẹrin, wọn kò ní í yọ kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́ta, lóṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò yọ 3,900, kí 36,900 tó ti lọ lè padà tán. Lẹ́yìn náà, 10,200. Tó bá jẹ́ pé ọdún ti yí ni, ọ̀rọ̀ náà yóò le díẹ̀: iléeṣẹ́ yóò ti kó àkọsílẹ̀ ọdún lọ fún ìjọba lópin oṣù kìíní, òṣìṣẹ́ náà yóò kọ tirẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí, yóò sì kọ̀wé béèrè owó rẹ̀ ní Òṣogbo. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òfin fún wọn láti dáhùn. Lórí ìwé nìyẹn o.

Kí a má gbàgbé àwọn tó ń kọjá ààlà lójoojúmọ́. Òkukù àti Ọ̀fà kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ti bọ́ sí Kwara. Arábìnrin kan tó ń gbé Inísà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà, sọ fún wa pé Ìlọrin ni wọ́n ń kó owó-orí òun lọ láti ìgbà tóun ti wọṣẹ́. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni òfin ní kí owó-orí rẹ̀ lọ, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Arábìnrin yìí kò mọ̀, àfi ìgbà tó ra ilẹ̀ n'Ìkìrun, tó fẹ́ẹ́ gba ìwé ilẹ̀ ìjọba, tí wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta wá. Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ ní Òṣogbo, wọn kò rí kọ́bọ̀. Títí di ìgbà tí a fi ń kọ ìròyìn yìí, ó ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀ láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì lórí owó tó ti san.

Ká padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wa. Ohun méjì ni akáńtáǹtì ní kó mú wá: lẹ́tà láti iléèwé pé kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́, àti rìsíìtì owó ilé. Ti iléèwé kò gba wàhálà. Ti landlọ́ọ̀dù ló gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ mọ àwọn onílé wa, owó ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbà, wọn kì í kọ̀wé. Bàbá onílé bi í pé kí ló fẹ́ẹ́ fi rìsíìtì ṣe. Ó ṣàlàyé. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Tí mo bá kọ ọ́, ṣé ìjọba ò ní í mọ̀ pé èmi náà ń gba owó ilé?"

Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tó lè sọ, nítorí òótọ́ ni, owó ilé tí onílé ń gbà náà ní owó-orí lórí. Ìyàwó bàbá ló bá a bẹ̀ ẹ́. Bírò pupa ni bàbá fi kọ ọ́, sórí bébà tó já nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀: 200,000 náírà, ọdún kan, yàrá méjì. Ọmọkùnrin náà gbé e lọ sí Òkukù lọ́jọ́ kejì. Kí ó tó lọ, ó yà ní Inísà, ó fi ìwé owó-oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han ìyá rẹ̀, ó ka ibi tí wọ́n kọ 22,500 sí fún un. Màmá ní kó tún un kà.