Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìtumọ̀ Rẹ́jísítà Nínú Ètò Adarí Díìsìkì RK11

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mu, pàápàá àwọn tó ń kọ ètò tí yóò máa darí ẹ̀yà kan lára ẹ̀rọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní driver. Ohun tí iṣẹ́ yìí gùn lé ni bí a ṣe ń fún rẹ́jísítà ní orúkọ àti ìtumọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a mú lò ni RK11, ẹ̀rọ alákòóso díìsìkì tí ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà ṣe fún kọ̀ǹpútà PDP-11, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1970. Èrò wa ni pé nọ́ńbà lásán kò ní ìtumọ̀ fún ẹ̀rọ. Ipò tí a fi nọ́ńbà sí ló ń fún un ní ìtumọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ipò náà dájú lè pa ohun tó fẹ́ kà rẹ́.

Rẹ́jísítà àti àdírẹ́sì rẹ̀

Rẹ́jísítà ni àpò kékeré inú ẹ̀rọ tí a lè kọ nọ́ńbà sí tàbí kí a ka nọ́ńbà láti inú rẹ̀. Lórí PDP-11, rẹ́jísítà kọ̀ọ̀kan gba bíìtì 16. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni a ti ń kà wọ́n, láti 0 dé 15. PDP-11 kò ní àṣẹ àkànṣe fún bíbá díìsìkì sọ̀rọ̀. Àwọn rẹ́jísítà náà ní àdírẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí kọ̀ǹpútà ṣe ní in; ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sí àdírẹ́sì wọn, díìsìkì ló bá sọ̀rọ̀.

Ìṣirò tó dúró lórí ẹẹ́jọ ni àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà PDP-11 ń lò, bí ìṣirò Yorùbá ṣe dúró lórí ogún. Nínú ìṣirò yìí, 10 ló tẹ̀lé 7. Bí a bá kọ ọ́ báyìí, àwọn rẹ́jísítà RK11 tó ṣe pàtàkì nìyí:

RKDS, 177400: ipò tí díìsìkì wà
RKER, 177402: àṣìṣe
RKCS, 177404: àṣẹ
RKWC, 177406: iye wọ́ọ̀dù tí a fẹ́ gbé
RKBA, 177410: àdírẹ́sì ní ibi ìrántí
RKDA, 177412: àdírẹ́sì lórí díìsìkì
RKDB, 177416: ibi tí dátà ń gbà kọjá

Nínú Unix ẹ̀dà kẹfà, tó jáde ní ọdún 1975, àwọn tó kọ ọ́ ní Bell Labs to orúkọ mẹ́fà àkọ́kọ́ tẹ̀léra ní èdè C, wọ́n sì gbé wọn lé àdírẹ́sì 177400. Báìtì méjì ni orúkọ kọ̀ọ̀kan gbà, nítorí náà kálukú bọ́ sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi rkdb tẹ̀lé rkda lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 177414 ni yóò bọ́ sí, kì í ṣe 177416. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ kan di àlàfo àárín wọn.

Ewu inú RKCS

Nínú RKCS, bíìtì 0 ló ń sọ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bíìtì 1 sí 3 ló ń sọ irú iṣẹ́ tí a fẹ́: 1 ni kíkọ, 2 ni kíkà. Bíìtì 7 ń fi hàn pé ẹ̀rọ ti ṣetán, bíìtì 15 sì ń fi hàn pé àṣìṣe wà.

Jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há a sórí pé 2 ni kíkà. Ó fi 1 kún un kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ 3 sínú RKCS. Kí ni ẹ̀rọ yóò rí? Bíìtì 0 wà ní títàn, bíìtì 1 náà sì wà ní títàn. Nínú bíìtì 1 sí 3, iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ 1, èyí tí í ṣe kíkọ. Ẹ̀rọ yóò wá kó ohun tó bá wà ní ibi ìrántí lé orí díìsìkì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kà yóò sì parẹ́. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó ti 2 sí òsì ní ipò kan, kó di 4, kó tó fi 1 kún un: 5 ni àṣẹ kíkà.

Nọ́ńbà kan, ìtumọ̀ méjì

Nínú RKWC, iye wọ́ọ̀dù ni a ń kọ gẹ́gẹ́ bí òdì, ẹ̀rọ a sì máa kà á gòkè títí yóò fi kan òdo. Sẹ́kítọ̀ kan gba wọ́ọ̀dù 256. Òdì 256 nínú bíìtì 16 jẹ́ 177400, nọ́ńbà kan náà tí í ṣe àdírẹ́sì RKDS! Ipò nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni RKDA rí. Díìsìkì RK05 ní sílíńdà 203, ojú méjì, àti sẹ́kítọ̀ 12 lórí ipa kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù 4,872. Bíìtì 0 sí 3 wà fún sẹ́kítọ̀, bíìtì 4 fún ojú, bíìtì 5 sí 12 fún sílíńdà. Láti dé búlọ́ọ̀kù 100, a ó fi 12 pín 100, yóò jẹ́ 8, yóò sì ṣẹ́ku 4. A ó fi 8 sí bíìtì 4 lọ sókè, a ó fi 4 sí ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 132. Bí a bá kàn kọ 100 síbẹ̀, búlọ́ọ̀kù 76 ni ẹ̀rọ yóò gbé wá, kò sì ní sọ pé àṣìṣe wà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ inú èyí fún olùkọ́ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ há nọ́ńbà sórí. Kí ó kọ́kọ́ ya àpótí 16 sórí ìwé, kí ó kọ iṣẹ́ bíìtì kọ̀ọ̀kan sínú wọn bí ìwé ìtọ́nisọ́nà ṣe sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí ó sọ wọ́n lórúkọ nínú ètò rẹ̀. John Lions, olùkọ́ ní Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà, ṣe àlàyé lórí Unix ẹ̀dà kẹfà yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdún 1977. Ní ọdún 1996 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé fún gbogbo ènìyàn. Lónìí, a kò nílò PDP-11 gan-an kí a tó dán an wò, nítorí pé ètò SIMH, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ń ṣe bí PDP-11 àti RK11 lórí kọ̀ǹpútà tí a ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ 3 síbẹ̀ kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i bí dátà ṣe ń parẹ́, lórí ẹ̀dà fáìlì tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan yóò máa wo ilé dáadáa kó tó sọ ọmọ lórúkọ.