Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun tí kámẹ́rà kò fi hàn ló ń dẹ́rù bani

Ní 2014, olùdarí fíìmù ọmọ Nàìjíríà, C.J. Obasi, gbé Ojuju jáde, fíìmù sọ́ńbì níbi tí omi ẹlẹ́gbin ti ba àdúgbò kan jẹ́. Owó tó fi ṣe é kò tó nǹkan rárá, síbẹ̀ ó dẹ́rù bani.

Kí ló fà á? Bí wọ́n bá sún kámẹ́rà mọ́ ojú òṣèré pẹ́kípẹ́kí, a ò ní rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn yẹn gan-an lọkàn wa á sì máa wò.

Iná ńkọ́? Ẹ fojú inú wo òpópónà kan ní Àpápá GRA, l'Ékòó, lóru, tí wọ́n ti mú iná lọ. Iná tírélà kan tàn sára fẹ́ǹsì, ó kọjá. Ìwọ̀nba la rí. Èyí tá a rò pé a rí ló pọ̀.

Ojúmọmọ náà ń dẹ́rù bani o, bí ohun tó yẹ ká rí kò bá sí níbẹ̀. Nínú fíìmù 28 Days Later (2002), olùdarí rẹ̀, Danny Boyle, ya Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ kùtùkùtù, Afárá Westminster ṣófo. Ẹni tó bá mọ Wharf Road ní Àpápá, bó bá bá a láìsí tírélà kan ṣoṣo lọ́sàn-án gangan, àyà rẹ̀ á já.