Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Irúgbìn Wo Ni Ọ̀rẹ́ Irúgbìn Wo?



Bí àlejò bá dé ẹ̀yìnkùlé àwọn ìyá wa, rúdurùdu ni yóò kọ́kọ́ pè é: àgbàdo lóròó, ẹ̀gúsí nílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀, efinrin lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà kan wà tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń bá wọn wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí D. W. Norman gbé jáde ní 1974 láti Samaru, nítòsí Zaria, fi hàn pé èrè àgbẹ̀ tó ń gbin irúgbìn pọ̀ mọ́ra pọ̀ lórí ilẹ̀ ju ti ẹni tó ń gbin ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ajílẹ̀ wọ́n, tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kò sì fẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan ìkòkò ọbẹ̀ yín gan-an. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí irúgbìn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ kìíní ni bíbọ́ ilẹ̀. Ẹ̀wà ni ó ń ṣe èyí. Nígbà tó bá ń tanná, ẹ fa ẹyọ kan tu, ẹ ó rí kókó róbótó lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ là á. Bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́: ó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá di oúnjẹ. Irúgbìn tí yóò tẹ̀ lé e yóò jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kórè tán, ẹ má fà á tu. Ẹ gé e nídìí, kí gbòǹgbò jẹrà sínú ilẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni bíbo ilẹ̀. Ewé ẹ̀gúsí a máa tẹ́ bí ẹní; kì í jẹ́ kí èpò rí oòrùn, kì í sì í jẹ́ kí òjò wọ́ ilẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí efinrin díẹ̀ tanná nítòsí rẹ̀. Oyin tó bá wá síbẹ̀ ni yóò gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ ẹ̀gúsí lọ bá abo, kí ó lè so.

Iṣẹ́ kẹta ni pípín oòrùn. Kókò kò kọ ibòòji, nítorí náà ẹ gbìn ín sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní àkókò òjò àrọ̀kúrò, ẹ gbin àgbàdo kí Oṣù Kẹjọ tó parí. Ẹ fi 1 mítà sí àárín ìlà kan sí èkejì, kí àgbàdo kan sì fi 25 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ gbin ẹ̀wà sáàárín àwọn ìlà náà.

Ṣùgbọ́n o, kì í ṣe gbogbo irúgbìn ló yẹ kí ó jọ gbé. Ata rodo, tàtàṣé àti tòmátì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àrùn tó mú ọ̀kan rọ lójijì lè pa gbogbo wọn. Ẹ má gbìn wọ́n pọ̀ sójú kan, ẹ má sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àgbàdo ni kí ẹ fi tẹ̀ lé wọn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; bẹ́ẹ̀ náà ni ti irúgbìn. Bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín. Èrè oko á pọ̀ o.