Sáfà Tó Ń Ṣọ́ Òròmọdìẹ

Lóru ọjọ́ kan ní Ẹgbẹ́dá níbí, iná lọ. Òtútù pa òròmọdìẹ 40. Àárọ̀ la tó mọ̀.

Ni mo bá háyà sáfà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ṣètò ímeèlì sí i. Cron, aago inú rẹ̀, máa ń jí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kó pe kọ̀ǹpútà ilé adìẹ wa. Bí ìyẹn ò bá dáhùn, á ṣe èyí:

echo "Ẹ lọ wo ilé adìẹ!" | mail -s "Òròmọdìẹ" baba@example.com

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn echo ni lẹ́tà, tẹ̀yìn -s ni àkọlé. Àmì @ yẹn, Ray Tomlinson ló yàn án ní 1971.

Kí ló dé tí mi ò gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà ilé adìẹ fúnra rẹ̀? Òkú kì í túfọ̀ ara rẹ̀.

Lánàá, aago méjì òru, fóònù bàbá mi dún. A dáná èédú kíá. Òròmọdìẹ kankan ò kú.