Ohun Tí Òru Ń Fi Eyín Ṣe

Ní Ìgbògbò, ní agbègbè Ìkòròdú, bí ọmọdé bá jí, tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé ni, "Ṣé o ti fọnu?" A kì í fi ẹnu àìfọ̀ kí àgbà. Àwọn àgbà tilẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu àìfọ̀ jáde, ìbáà ṣe ìre, ìbáà ṣe èpè, kì í pẹ́ ṣẹ. Nítorí náà, láti Ìgbògbò dé Báyékù létí ọ̀sà, kò sí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kó tó fọ eyín láàárọ̀. Alẹ́ ni wàhálà wà. Àgbà jẹ ẹ̀bà tán, ó fi omi yọ ẹnu, ó ṣubú sórí ibùsùn. Ọmọdé mu gààrí oníṣúgà, oorun sì gbé e lọ.

Òru yẹn gan-an ni eyín fi ń bàjẹ́.

Ẹ̀wù funfun tó bo eyín lóde ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Bí ìdá 96 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ èròjà líle, calcium àti phosphate ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun yíyọ̀ kan wà tí ahọ́n máa ń bá lára eyín bí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Streptococcus mutans, tí dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, J. Kilian Clarke, sọ lórúkọ ní 1924. Ṣúgà tí a bá jẹ ni oúnjẹ wọn, ásíìdì ni ìgbẹ́ wọn. Ásíìdì yìí ló ń yọ́ calcium kúrò lára eyín díẹ̀díẹ̀.

Itọ́ ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú lójú ẹsẹ̀. Ó ń ṣan ásíìdì dànù, ó sì ń dá calcium padà síbi tí ó ti yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń pàdánù tó tún ń rí gbà lójoojúmọ́ ayé. Àmọ́ bí a bá ti sùn, itọ́ máa ń gbẹ. Ohunkóhun tí a bá fi sílẹ̀ sáàárín eyín lálẹ́, àwọn kòkòrò yẹn á máa jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò dí wọn lọ́wọ́.

Ṣé eyín tó ti ń bàjẹ́ lè tún ara rẹ̀ ṣe? Ó lè ṣe é, bí a bá tètè rí i. Kí ìyá gbé ètè òkè ọmọ rẹ̀ sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó fi aṣọ mímọ́ nu eyín iwájú gbẹ, kó wo ibi tí eyín ti pàdé èrìgì. Bí ó bá rí àmì funfun tí kò dán, tó dà bí ẹfun, calcium ti ń lọ níbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ihò kò tíì sí. Irú èyí ṣì lè padà bọ̀ sípò. Bí ó bá ti di ihò, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Egungun tó ṣẹ́ lè so padà nítorí pé ohun tó ní ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú ẹ̀wù eyín. Ewé kankan tàbí iyọ̀ kankan kò lè dí ihò eyín.

Ibí yìí ni àwọn òǹtajà inú ọkọ̀ àti ìdíkọ̀ ti ń rí jẹ. Wọ́n á gbé ìgò sókè, wọ́n á ní kòkòrò eyín tí oògùn àwọn lé jáde ló wà nínú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé kòkòrò tí a lè fojú rí ló ń jẹ eyín ti wà láti ayé àwọn ará Bábílónì, ṣùgbọ́n láti 1728 ni Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun kò rí kòkòrò kankan bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn a máa fi ògógóró, tàbí omi bátìrì pàápàá, sínú ihò eyín. Bí ìrora bá sì dáwọ́ dúró lójijì, kì í ṣe ìwòsàn: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan inú eyín ló ti kú, tí ìjẹrà náà sì ń wọlé lọ sí gbòǹgbò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú pákò o. Ayán, orín ata tó máa ń ta lẹ́nu, àti pákò Ìjẹ̀bú tí àwọn ará Ìkòròdú mọ̀ dáadáa, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. A ó fi eyín bó èèpo orí rẹ̀, a ó rún un títí fọ́nrán rẹ̀ yóò fi tú, kí a tó máa fi gbo eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ìlú tó ń lo irú igi bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n má ṣe fi sílẹ̀. Orín ata tilẹ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀ eyín: ní 1971, onímọ̀ egbòogi Abayọmi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ ìwádìí jáde pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde padà bọ̀ sí ìrísí rẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n pákò kì í tètè dé orí àwọn eyín ẹ̀yìn, níbi tí ihò ti wọ́pọ̀ jù, kò sì ní fluoride tó tó nǹkan. Fluoride ló ń mú kí calcium tètè padà sára eyín, tó sì ń jẹ́ kí ibi tó padà náà le sí ásíìdì. Inú omi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọgbọ́n rẹ̀. Ní 1901, dókítà eyín kan, Frederick McKay, dé Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ó bá àwọn ènìyàn tí eyín wọn ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú. Nígbà tó yá ló wá hàn pé eyín bẹ́ẹ̀ kì í tètè jẹrà. Irú àbàwọ́n yẹn wà ní Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau níbí, nítorí pé fluoride pọ̀ jù nínú omi wọn. Ní 1945, ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà di ìlú àkọ́kọ́ tó fi ìwọ̀nba fluoride sínú omi ẹ̀rọ. Ní Ìgbògbò, kànga àti bọ́hòólù ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu, kò sì sí ẹni tó ń fi fluoride sí i. Ọṣẹ ìfọyín ló kù.

Kí ẹni tó ń rà á yí páálí rẹ̀ wò: 1000 sí 1500 ppm ni kí iye fluoride jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ tí wọ́n ń pè ní ti egbòogi kò ní in rárá. Ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kó tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré fún èyí tó ti lé mẹ́ta. Fún ìṣẹ́jú méjì ni kí a fi fọ eyín kí a tó sùn, kí a tu ìfófò rẹ̀ dànù, kí a má sì fi omi yọ ẹnu. Èyí ló máa ṣòro jù fún Yorùbá, nítorí ẹnu tí omi kò kàn kò jọ ẹnu fífọ̀ lójú wa. Síbẹ̀, omi yẹn ló ń kó fluoride lọ.

Ti ṣúgà ńkọ́? Ní ilé ìwòsàn Vipeholm ní Sweden, láti 1947, wọ́n fi ṣúgà àti swíìtì dán àwọn aláìsàn tí làákàyè wọn kò pé wò láìgba àṣẹ wọn. Ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn kò ṣeé jiyàn: ṣúgà tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a ń jẹ ní gbogbo ìgbà láàárín oúnjẹ, ló burú jù. Ẹni tó mu ìgò mínírà kan pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán sàn ju ẹni tó gbé e ka iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìfàmu kọ̀ọ̀kan, ó tó bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí itọ́ tó borí ásíìdì. Àgbọn tàbí ẹ̀pà ló yẹ kí a fi mu gààrí, kì í ṣe ṣúgà.

Fún ọmọ tí eyín rẹ̀ ti lu, oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń pè ní silver diamine fluoride. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òun àti ọṣẹ oní-fluoride sínú àkójọ oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n ní 2021. Dókítà eyín kàn máa fi kan ojú ihò náà ni, láìgún abẹ́rẹ́, láìlo ẹ̀rọ, ìjẹrà náà á sì sábà dúró síbi tó dé. Àléébù rẹ̀ ni pé ibẹ̀ á dúdú kirikiri títí eyín ọmọdé náà yóò fi yọ. Ìyá tí kò fẹ́ kí eyín iwájú ọmọ òun dúdú lè béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá dídí ihò náà ṣì ṣeé ṣe.